Ẹni Tí Ó Ni Ọ̀nà Inú Àpáta

Ní ìlú Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, àdúgbò kan wà ní apá Attécoubé, létí ọ̀sà Ébrié, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Boribana. Èdè Dioula ni orúkọ náà, èdè tí àwọn oníṣòwò ń sọ káàkiri àwọn ọjà ìlú náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Sísá ti parí." Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó sì rí fún ibùgbé ènìyàn. Ẹni tí ó bá fi irú orúkọ yìí pe ibi tí ó kọ́lé sí ti rìn jìnnà kí ó tó jókòó, kò sì fẹ́ dìde mọ́.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Abẹ́òkúta pẹ̀lú, orúkọ ibi ìsádi ni. Nígbà tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá ní ibi tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, Ṣódẹkẹ́ ṣáájú àwọn tí ó ṣẹ́kù dé ẹsẹ̀ àpáta Olúmọ ní ọdún 1830. Àpáta náà di odi fún wọn, ihò inú rẹ̀ sì di ilé. Lónìí, àlejò láti ibi gbogbo ń san owó ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó gun Olúmọ, ṣùgbọ́n ojúbọ ṣì wà níbẹ̀, àwọn tí ń ṣọ́ ọ sì wà. Àlejò tí ó bá ní ìwà kì í kọjá ibi tí wọ́n bá dá a dúró sí.

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń sá wọ inú òkúta. Ní ilẹ̀ aṣálẹ̀, níbi tí kò sí igbó tí ó lè bo ènìyàn mọ́lẹ̀, inú pàlàpálá àpáta ni wọ́n ń sá sí. Pàlàpálá wọ̀nyí jẹ́ àlàfo tóóró láàárín ògiri òkúta méjì. Àwọn mìíràn ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ wọ́n há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá na apá rẹ̀ méjèèjì yóò fọwọ́ kan ògiri lọ́tùn-ún àti lósì. Ohun tí ó ti jẹ́ ibi ìsádi rí ti wá di ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ń wá kiri láti ìpẹ̀kun ayé: àwọn kan fún ìmọ̀, àwọn kan fún ẹwà, àwọn kan fún òkìkí, àwọn mìíràn fún owó. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó sì dìde: ta ni ó láṣẹ láti wọlé, báwo ni ó ṣe yẹ kí ó wọlé, kí ni ó sì tọ́ kí ó mú jáde? Ìtàn igba ọdún tí ó kọjá fi ìdáhùn kan hàn kedere. Ọ̀nà inú àpáta ní olúwa. Ẹni tí ó bá fi olúwa ọ̀nà sílẹ̀ lẹ́yìn yóò pa ara rẹ̀ lára, tàbí kí ó ba ibẹ̀ jẹ́, tàbí kí ó ṣe méjèèjì pọ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó gbẹ́ àwọn pàlàpálá wọ̀nyí. Omi ni. Òjò kì í sábà rọ̀ ní aṣálẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá rọ̀, ilẹ̀ líle àti òkúta kì í lè mu ún. Gbogbo omi orí òkè yóò kó ara jọ, yóò di àgbàrá, yóò sì gbé yanrìn àti òkúta lọ́wọ́ bí ó ti ń lọ. Yanrìn yìí ni ó ń rẹ́ àpáta bí ayùn ti ń rẹ́ pákó, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí àlàfo fi là. Omi tí ó gbẹ́ ibẹ̀ kò sì tíì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ó ń padà wá nígbà gbogbo, bí ọ̀nà bá sì ṣe há tó ni omi ṣe ń yára tó. Òjò náà lè rọ̀ sí ibi tí ó jìnnà réré, tí ẹni tí ó wà nínú pàlàpálá kò ní rí ìkùukùu kankan, tí ojú ọ̀run tí ó wà lókè orí rẹ̀ yóò sì mọ́ gaara. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílẹ̀ ni ó mọ àkókò tí òkè jíjìn máa ń ṣú.

Àwọn ará Nabatea mọ èyí dájúdájú. Àwọn ni wọ́n gbẹ́ ilé, tẹ́ńpìlì àti ibojì sára àpáta ní ìlú Petra, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Jordan lónìí, ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ ìlú náà jẹ́ pàlàpálá kan tí à ń pè ní Siq, tí ó gùn ju kìlómítà kan lọ. Nítorí pé wọ́n mọ ohun tí àgbàrá lè ṣe, wọ́n mọ odi dí ẹnu Siq, wọ́n sì gbẹ́ ihò la inú òkè kọjá kí omi lè gba ibòmíràn lọ. Wọ́n tún gbẹ́ ojú omi sára ògiri, èyí tí ń gbé omi mímu wọ ìlú. Omi kan náà tí ó lè pa wọ́n ni wọ́n tọ́ sọ́nà títí ó fi ń sìn wọ́n.

Nígbà tí ó yá, ìlú náà tú, àwọn Bédúù tí ń da ẹran sì jogún rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1812 ni ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Johann Ludwig Burckhardt, dé ibẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ní London ni ó rán an jáde láti wá ọ̀nà gba inú aṣálẹ̀ dé Odò Ọya. Ọ̀nà Cairo ni ó ń lọ nígbà náà. Ó wọ aṣọ mùsùlùmí, ó pe ara rẹ̀ ní Ibrahim ibn Abdallah, ó sì sọ fún amọ̀nà rẹ̀ pé òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti fi ewúrẹ́ rúbọ ní ibojì wòlíì Áárónì, tí ó wà ní orí òkè lẹ́bàá Petra. Nípa ọgbọ́n yìí ni ó fi gba inú Siq kọjá. Ṣùgbọ́n irọ́ náà há a mọ́. Kò lè dúró pẹ́, kò lè ya àwòrán, ìkọ̀kọ̀ ni ó ti ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Amọ̀nà náà fura sí i pé ìṣúra ni ó ń wá, ó sì bá a wí. Burckhardt pa ewúrẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kò dé Odò Ọya títí ó fi kú ní Cairo ní ọdún 1817.

Àwọn ìwé ìtàn ilẹ̀ Yúróòpù kọ ọ́ sílẹ̀ pé Burckhardt ni ó ṣàwárí Petra. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí a fà lọ́wọ́ wọ ilé ni ó ṣàwárí ilé, kí ni a ó máa pe ẹni tí ó fà á lọ́wọ́? Amọ̀nà náà mọ ọ̀nà, ó mọ ibojì, ó mọ ibi tí omi wà. Ṣùgbọ́n orúkọ àlejò ni ayé mọ̀. Èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó máa ń bá irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ rìn: kí a gba ìmọ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, kí a sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì ni kí àlejò má bìkítà fún ohun tí onílẹ̀ àtijọ́ mọ̀. Odi tí àwọn ará Nabatea mọ sí ẹnu Siq ti wó láti ìgbà pípẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1963, àgbàrá ya wọ inú Siq nígbà tí àwọn àlejò láti ilẹ̀ Faransé wà nínú rẹ̀, àwọn tí ó kú sì ju ogún lọ. Lẹ́yìn ìjàǹbá yìí ni a tó mọ odi tuntun sí ibi tí odi àtijọ́ wà. Bí a bá fi ojú tí ó dára wo iṣẹ́ àwọn àgbà ṣáájú ìgbà náà, a kì bá ti dúró de ikú kí a tó kẹ́kọ̀ọ́.

Irú ẹ̀kọ́ kan náà ni a kọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ìpínlẹ̀ Arizona, àwọn ẹ̀yà Navajo ní àfonífojì ńlá kan tí à ń pè ní Canyon de Chelly, àárín ògiri òkúta gíga ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sá sí nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tí Kit Carson jẹ́ ọ̀gá wọn, ń lé wọn kiri. Ní oṣù kìíní ọdún 1864, àwọn ọmọ ogun náà gba inú àfonífojì yìí já. Wọ́n jó ilé, wọ́n ba oúnjẹ jẹ́, nígbà tí ó sì yá, a gé àwọn igi eléso tí àwọn Navajo gbìn síbẹ̀ lulẹ̀. A kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rìn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ lọ sí ìgbèkùn ní ìlà-oòrùn, ọ̀pọ̀ sì kú sí ojú ọ̀nà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1868 ni wọ́n bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn tí ó fún wọn ní àyè láti padà sí apá kan ilẹ̀ wọn.

Ìtàn yìí ni ó fi yé ni ìdí tí àwọn Navajo fi mú ọ̀rọ̀ ọ̀nà inú àpáta ní pàtàkì. Ní ọdún 1931, ìjọba Amẹ́ríkà sọ Canyon de Chelly di ibi àbójútó fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò kúrò lọ́wọ́ àwọn Navajo, àwọn kan nínú wọn ṣì ń dáko wọ́n sì ń da àgùntàn nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ipa ọ̀nà kan tàbí méjì, àlejò kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ láìsí amọ̀nà tí ó jẹ́ Navajo. Ní apá ibòmíràn ní ilẹ̀ wọn ni pàlàpálá tóóró kan wà tí à ń pè ní Antelope Canyon, tí ẹwà rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1997, òjò rọ̀ ní ibi tí ó jìnnà sí i. Ènìyàn méjìlá ni àgbàrá gbé nínú pàlàpálá náà. Mọ́kànlá kú, ẹnì kan ṣoṣo ni ó yè. Láti ìgbà náà, àkàbà irin ni a kàn mọ́ àpáta, a ṣètò ìkìlọ̀ fún àgbàrá, kò sì sí àlejò tí ó lè wọ ibẹ̀ láìbá amọ̀nà rìn. Àwọn kan ń kùn pé òfin yìí ti le jù. Ẹni tí ó bá rántí ọjọ́ náà kò ní bá wọn kùn.

Kò yẹ kí a rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni èyí. Aṣálẹ̀ Sàhárà wà ní òkè ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, pàlàpálá àpáta sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ní gúúsù Algeria ni òkè Tassili n'Ajjer wà, ilẹ̀ àwọn Tuareg tí à ń pè ní Kel Ajjer. Ní ọdún 1933, ọ̀gá ológun Faransé kan, Charles Brenans, gun ràkúnmí wọ inú àfonífojì Oued Djerat, ó sì rí àwòrán erin, àgbáǹréré àti àwọn ẹranko ńlá mìíràn tí a gbẹ́ sára ògiri. Àwọn àwòrán yìí jẹ́rìí pé koríko àti omi ti wà rí ní ibi tí yanrìn gbà lónìí. Ní ọdún 1956, Henri Lhote kó àwọn ayàwòrán lọ sí orí òkè náà láti da àwọn àwòrán tí ó wà níbẹ̀ kọ sórí ìwé. Jebrine ag Mohamed, ọmọ Tuareg, ni ó mú wọn dé ibi tí àwọn àwòrán wà. Ojú rẹ̀ ni wọ́n fi ríran nínú àpáta.

Iṣẹ́ náà gba òkìkí ní Paris, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé Sàhárà ní ìtàn. Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n kí àwọ̀ lè hàn dáadáa, àwọn ayàwòrán fi omi nu ara àpáta. Ohun tí ó ti wà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ kò lè pa rẹ́, ni wọ́n fi kànìnkànìn olómi nù. Àwọn onímọ̀ tí ó dé lẹ́yìn wọn ti bá wọn wí gidigidi, nítorí pé irú ìnùjú bẹ́ẹ̀ ń ṣí àwọ̀ kúrò lára òkúta. Ìkà kọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ìfẹ́ àtirí ni. Nígbà mìíràn, ìfẹ́ àlejò a máa bàjẹ́ ju ìkórìíra rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí ó kórìíra ibì kan kì í fọwọ́ kàn án. Ìjọba Algeria sọ Tassili di ibi àbójútó ní ọdún 1972, àjọ UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 1982.

Ọ̀ràn ààbò pẹ̀lú kò kéré ní aṣálẹ̀ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003, àwọn agbébọn jí arìnrìn-àjò 32 tí ó ti Yúróòpù wá gbé ní Sàhárà ilẹ̀ Algeria. Ọkọ̀ ara wọn ni wọ́n ń wà kiri, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mú amọ̀nà dání. Ọ̀kan nínú wọn kú nínú ooru kí a tó tú àwọn tí ó ṣẹ́kù sílẹ̀. Alábéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò bèèrè kò lè mọ ọ̀nà tí ó ti bàjẹ́ láti àná.

Ní orílẹ̀-èdè Mali, ẹ̀bá aṣálẹ̀, ni òkè Bandiagara wà, ìlú àwọn Dogon. Nínú ihò gíga ara òkè yìí ni àwọn tí à ń pè ní Tellem ń sin òkú wọn sí kí àwọn Dogon tó dé. Àwọn Dogon wá sá di òkè náà, wọ́n kọ́ ilé sí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn kò sì da òkú àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ láàmú. Ní ọdún 1931, Marcel Griaule àti ẹgbẹ́ olùṣèwádìí láti ilẹ̀ Faransé gba Mali kọjá nínú ìrìn-àjò wọn láti Dakar dé Djibouti. Michel Leiris, akọ̀wé wọn, tẹ ìwé jáde ní ọdún 1934, ó sì jẹ́wọ́ nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe fi ìhalẹ̀ àti owó táṣẹ́rẹ́ kó àwọn ohun ìbọ ní abúlé mélòó kan. Ohun tí ẹgbẹ́ náà kó lọ sí Paris lé ní 3,000. Ẹni tí a fi ìbọn ìjọba amúnisìn dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí ó sì ní òun fẹ́ ra òrìṣà ẹni, ṣé ọjà ni ó ń rà bí?

Àwọn oníṣòwò sì tẹ̀lé ipa ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ là. Wọ́n ń ra ère, ìlẹ̀kùn àti ohun inú ibojì, wọ́n ń kó wọn tà ní òkè òkun. Mali ṣe òfin ní ọdún 1985 láti dá a dúró; Bandiagara di ohun àjogúnbá aráyé ní 1989; ní 1993 ni Amẹ́ríkà sì fòfin de gbígbé irú ohun àtijọ́ bẹ́ẹ̀ láti Bandiagara wọ ilẹ̀ rẹ̀. Fún ọdún díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ Dogon rí oúnjẹ jẹ nídìí amọ̀nà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2012 tí ogun ti bẹ́ ní Mali, àlejò ti di ọ̀wọ́n, ẹ̀jẹ̀ sì ti ṣàn ní ọ̀pọ̀ abúlé tí ó wà nítòsí òkè náà. Òkè tí ó ti jẹ́ ibi ìsádi kò lè gba gbogbo ènìyàn là mọ́.

Ó tọ́ kí a sọ òdì kejì ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ìbàjẹ́ ni ó ti ọwọ́ àlejò òkèèrè wá. Òkè Ennedi ní orílẹ̀-èdè Chad kún fún pàlàpálá àti àwòrán àtijọ́, àjọ UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 2016. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí a bá orúkọ tí àwọn kan kọ bo àwòrán ayé àtijọ́ mọ́lẹ̀ nínú ihò kan níbẹ̀. Èdè Faransé àti èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè méjì tí ìjọba Chad fúnra rẹ̀ ń lò. Nítorí náà, kò tó kí ènìyàn wí pé, "Ọmọ ilẹ̀ yìí ni mí." Onílẹ̀ tòótọ́ ni ẹni tí ó ń ṣọ́ ilẹ̀, tí ó sì fi ìtàn rẹ̀ kọ́ ọmọ.

Àwọn kan yóò wí pé ohun tí ó jẹ́ àjogúnbá gbogbo aráyé kò yẹ kí ó ní ẹnikẹ́ni tí yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò dúró níwájú ìtàn. Ohun tí ó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn tí kò sì ní olùṣọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi di ti ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí a ti ilẹ̀kùn pa pátápátá. Ìmọ̀ dára, owó àlejò ń tọ́ ọmọ, ẹni tí ó bá sì fojú rí ẹwà ilẹ̀ ẹlòmíràn yóò mọ̀ ọ́n bọ̀wọ̀ fún. Ohun tí ó tọ́ kò ju pé kí àlejò bèèrè kí ó tó wọlé. Kí ó gbà bí a bá sọ fún un pé, "Má ṣe wọ ibí lónìí". Kí ó má mú ohunkóhun, kí ó má sì kọ ohunkóhun. Kí owó tí ó san dé ọwọ́ ẹni tí ó mú un lọ. Nígbà tí ó bá sì délé, kí ó dárúkọ ẹni náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí ó tóbi ju ti àlejò tí kò bèèrè lọ: kí a gba ọ̀nà lọ́wọ́ onílẹ̀, kí a sì wá lé e kúrò níbẹ̀. Ìtàn Petra kò parí sí ọ̀dọ̀ Burckhardt. Àwọn Bédúù tí à ń pè ní Bdul ń gbé inú ihò àpáta ìlú náà láti ìran dé ìran. Ní àkókò tí Petra di ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 1985 ni ìjọba kó wọn lọ sí abúlé tuntun, Umm Sayhoun, tí a kọ́ sí ìta. Wọ́n rí ilé àti ilé ìwé níbẹ̀, ìdí tí ìjọba fi ṣe é sì yé ni, nítorí ẹ̀fín ààrò kì í ṣe ògiri àtijọ́ ní oore. Síbẹ̀, àwọn tí baba wọn mọ gbogbo kọ̀rọ̀ òkúta náà di ẹni tí ń ti ìta wá tajà fún àlejò nínú ilé baba wọn.

Èyí ni ó dá ọ̀rọ̀ padà sí Boribana. Kò sí aṣálẹ̀ ní Abidjan, ṣùgbọ́n òjò ibẹ̀ le, ilẹ̀ etí ọ̀sà sì dà gẹ̀rẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ó kéré tán ènìyàn 18 ni àgbàrá pa ní ìlú náà. Iṣẹ́ afárá kẹrin láàárín Yopougon àti Plateau tún gba apá ibẹ̀ kọjá, a sì ṣí àwọn ìdílé kan nípò nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn aláṣẹ fi katapílà wó ilé ní Boribana àti ní àwọn àdúgbò mìíràn bíi Gesco àti Banco 1. Wọ́n ní ibi tí àgbàrá lè gbé ènìyàn lọ ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni kò ní orùlé mọ́ lórí. Ìjọba kéde owó ìrànwọ́ fún àwọn ìdílé kan, ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, àjọ Amnesty International sọ pé a kò fún àwọn ará ibẹ̀ ní ìkìlọ̀ tí ó tó, ọ̀pọ̀ kò sì tíì rí ìtọ́jú gbà.

Àwọn àgbà ní, àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ọ̀rọ̀ yìí fi agbára àgbàrá hàn, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀tọ́ onílé hàn pẹ̀lú. Ní Siq ayé àtijọ́, onílé ni ó mọ odi tí ó yí omi padà. Ní ilẹ̀ Navajo, onílé ni ó ń sọ ìgbà tí àlejò lè wọlé. Ní Boribana, ẹ̀rù àgbàrá kì í ṣe ẹ̀rù lásán, kò sì sí ìjọba rere tí yóò fi ènìyàn sílẹ̀ kí omi gbé wọn lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí omi ń gbà, kí ó kọ́kọ́ bi onílé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí onílé dìde fún omi, tàbí fún afárá, tàbí fún àlejò, ẹ̀tọ́ ni kí ó kọ́kọ́ fi ibi tí sísá yóò parí sí hàn án.